Ẹni Tó Bá Rí Ihò Lára Ògiri, Kó Pe Onílé

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàrin àwọn ọmọ wa láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, a ò sì lè máa wò ó níran mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Farm Centre ń sọ ọ́, àwọn tó ti parí yunifásítì tí wọn ò tíì ríṣẹ́ ń sọ ọ́, kódà àwọn tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì náà ti gbọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń san owó dọ́là fún ẹni tó bá bá wọn rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn, pàápàá iṣẹ́ tó jẹ mọ́ owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òbí tó gbọ́ ọ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní Yahoo-Yahoo ni, pé kò sí bí ọmọ ṣe máa jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru kó sì máa gba dọ́là tí kò ní jẹ́ pé ó lu ẹnì kan ní jìbìtì. Àwọn kejì ní ọ̀nà ọlà ti ṣí, kí ọmọ àwọn tètè fi iṣẹ́ tó ń kọ́ sílẹ̀ kó lọ máa ṣa dọ́là.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ṣì í. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ náà, kò sì ní ẹ̀gbin nínú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ó ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá sì rú òfin yẹn lè bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lónìí, kí bàbá àti ìyá lè mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ọmọ wọn, kí ẹgbẹ́ wa náà sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àjọ, torí kò sí ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlú yìí tí kò mọ àjọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá àjọ, wọ́n gbọ́dọ̀ ní alájọ tó ń gba owó, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì ń kó o fún ẹni tó kàn. Orí ẹnì kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo àjọ dúró lé. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, àjọ á dùn. Bó bá sá lọ, ẹkún dé. Báǹkì náà, alájọ ńlá ni.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan wá ní àwọn fẹ́ dá àjọ tí kò ní alájọ. Láti ọdún 2015 tí ètò Ethereum ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Wọ́n kọ òfin àjọ náà ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́: ẹni tó bá mú iye báyìí wá, kó gba iye báyìí, ẹni tó bá fẹ́ yá owó, kó fi nǹkan dúró, bí ohun tó fi dúró kò bá tó gbèsè rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tà á. Wọ́n gbé òfin náà sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan má baà lè dá yí i padà. Òfin tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní smart contract. Àwa á kàn máa pè é ní àdéhùn orí kọ̀ǹpútà. Gbogbo òwò yíyá owó, pípààrọ̀ owó àti fífi owó pamọ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀ láìsí báǹkì láàrin ni wọ́n ń pè ní DeFi.

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Alájọ tó jẹ́ èèyàn, bó bá rí i pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, á ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tún ìwé mi wò." Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un náà ló máa ṣe. Bí ẹni tó kọ àdéhùn bá gbàgbé àyè kékeré kan, olè á gbabẹ̀ wọlé, kọ̀ǹpútà á sì máa ka owó fún un, nítorí lójú tirẹ̀, òfin ló ń tẹ̀ lé. Ohun tó tún jẹ́ kó le ni pé gbangba ni ọ̀pọ̀ àdéhùn wọ̀nyí wà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olóòótọ́ ń kà á, olè náà ń kà á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Àpótí ńlá kan wà lórí Ethereum nígbà náà tí wọ́n ń pè ní The DAO. Owó tí àwọn èèyàn ti dá sínú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 dọ́là. Àṣìṣe tó wà nínú àdéhùn rẹ̀ kò ju èyí lọ: bí ẹnì kan bá wá gba owó rẹ̀, àdéhùn náà á kọ́kọ́ ka owó fún un, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti gbà á. Ẹ fi ti alájọ wò ó. Oníbàárà kan dé, ó ní òun fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà òun. Alájọ kà á fún un. Kí alájọ tó fi bírò kan ìwé, oníbàárà tún ní, "Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi." Alájọ wo ìwé, ó rí i pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣì wà lórúkọ rẹ̀, ó tún kà á fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí tí àpótí fi ń gbẹ. Ọ̀nà tí ẹni náà gbà kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 owó ether nìyẹn, èyí tó tó mílíọ̀nù 50 dọ́là nígbà náà. Kí wọ́n tó lè gba owó náà padà fún àwọn tó ni ín, odidi ètò Ethereum ló pín sí méjì ní oṣù Keje ọdún yẹn, nítorí àwọn kan ò gbà kí wọ́n tún ìwé kọ. Gbogbo wàhálà yìí jáde láti ara pé akọ̀wé ń san owó kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní kòkòrò. Ẹni tó ń wá a kiri ni wọ́n ń pè ní ọdẹ, owó tí onílé ń san fún un sì ni owó ọdẹ. Kì í ṣe DeFi ló dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1983, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Hunter & Ready polówó pé ẹni tó bá rí kòkòrò nínú iṣẹ́ àwọn, àwọn á fún un ní mọ́tò Volkswagen, èyí tí àwa ní Nàìjíríà ń pè ní ìjàpá, nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe kòkòrò kọ̀ǹpútà àti mọ́tò yẹn lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ Netscape náà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọdẹ. Google tẹ̀ lé e ní 2010, Facebook ní 2011. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn ọmọ Yahoo ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ohun tó mú ti DeFi yàtọ̀ ni bí owó rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ihò tí ọdẹ bá rí lè tú àṣírí àwọn oníbàárà. Ní ti DeFi, inú àpótí owó gan-an ni ihò náà wọ̀ lọ. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi dá ibi tí àwọn onílé àti àwọn ọdẹ á ti máa pàdé sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2020, tí wọ́n sọ ọ́ ní Immunefi. Onílé á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àdéhùn òun nìyí, ibi tí òun gbà kí ẹ yẹ̀ wò nìyí, ibi tí òun kò gbà nìyí, iye tí òun máa san fún ihò kékeré nìyí, iye ti ihò ńlá nìyí. Ìmọ̀ràn tí Immunefi máa ń gba àwọn onílé ni pé fún ihò tó burú jù, kí wọ́n wo ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú ewu. Nígbà tó fi di ọdún 2024, owó tí àwọn ọdẹ ti gbà níbẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù 100 dọ́là.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọdẹ àti olè, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ Wormhole nínú oṣù Kejì ọdún 2022. Afárá ni Wormhole, ó ń gbé owó láti orí ètò kan bọ́ sórí òmíràn. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, ẹnì kan rí ihò, ó gbabẹ̀ wọlé, ó sì kó 120,000 ether, tó ju mílíọ̀nù 320 dọ́là lọ. Wọ́n ní kó dá a padà, kó gba mílíọ̀nù 10 dọ́là. Kò dá wọn lóhùn. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà ló fi owó ara wọn dí àlàfo yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kan náà, ẹlòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní satya0x rí ihò mìíràn lára ilé kan náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún àdéhùn wọn ṣe ni, ibi tó sì yẹ kí wọ́n kọ orúkọ onílé sí wá ṣófo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, kó sì ba àdéhùn náà jẹ́ pátápátá, owó àwọn èèyàn á wá há sínú rẹ̀. satya0x kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kọ̀wé sí onílé láti ọwọ́ Immunefi, ó sì fi ẹ̀rí hàn wọ́n. Wọ́n dí ihò náà, kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni kò sọnù, wọ́n sì san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún un. Ilé kan náà, oṣù kan náà, ihò méjì. Olè kó 320 mílíọ̀nù, ó sì ń fara pa mọ́ kiri. Ọdẹ gba mílíọ̀nù 10 lójú ayé, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Gerhard Wagner rí i lára afárá Polygon pé ìwé ẹ̀rí ìgbowó kan ṣoṣo ṣeé lò ju ìgbà 200 lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ṣẹ́ẹ̀kì kan náà lọ sí báǹkì lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Mílíọ̀nù 850 dọ́là ló wà nínú ewu. Wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 2. Ní ọdún 2022, ẹni tó ń jẹ́ pwning.eth gba mílíọ̀nù 6 lọ́wọ́ àwọn Aurora. Ẹ má sọ pé àwọn tó ń san owó yìí ń ya wèrè. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀: owó ọdẹ kò tó ohun tí olè máa kó, owó tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ olè, orí ló kù tó máa bá wọn gbà á.

Kí ló wá kan àwa tí a ń gbé ní Sábọ́ńgàrí nínú èyí? Ó kàn wá gan-an.

Gbogbo wa la mọ ibi tí bàtà ti ń ta ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ibí ló ti lọ sílé-ìwé, ó ń sọ Haúsá bí ẹni mumi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bá jáde, wọ́n á béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti kú. Bó bá kọrí sí ìlú bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun tàbí Kwara, àwọn tibẹ̀ náà á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, pé Haúsá ni. A kò sọ èyí láti bá àwọn tó gbà wá sílé jà. Ilẹ̀ wọn la ti ń jẹ, tí a ti ń mu, àwọn ọmọ tiwọn náà tó bá lọ sílẹ̀ wa ń rí irú rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ tí ìwé kò jẹ́ kó wọlé síbí tí kò sì jẹ́ kó wọlé sọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan máa jẹ́rìí sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa ṣe. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1911, àwọn kan bá a wá gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rélùwéè, àwọn yòókù gbé òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ dání. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìlú télọ̀ tí aṣọ tó rán bá ti dára. Bí iṣẹ́ ọdẹ kòkòrò yìí ṣe rí gan-an nìyí. satya0x kì í ṣe orúkọ tí bàbá ẹni náà sọ ọ́, síbẹ̀ ohun tó kọ ránṣẹ́ ni wọ́n wò, òun ni wọ́n sanwó lé lórí. Òótọ́ ni pé àwọn onílé kan máa ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n má baà sanwó fún ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa béèrè ìpínlẹ̀ tí bàbá rẹ ti wá.

Ìkìlọ̀ wá kù o, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀dọ́ tó ń ka èyí fara balẹ̀. Ẹ wo ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru. Bó bá rí i pé ilẹ̀kùn ẹnì kan ṣí sílẹ̀ ní aago méjì òru, ojú fèrèsé ló máa lọ kàn. Kì í wọlé lọ gbé tẹlifíṣọ̀n, kó wá padà wá láàárọ̀ pé òun á dá a padà bí onílé bá fún òun ní nǹkan. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olè ni, ì báà dá gbogbo rẹ̀ padà.

Shakeeb Ahmed ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jáfáfá ni nínú iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ó gba ihò inú àdéhùn kan kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 dọ́là. Lẹ́yìn tó kó o tán ló wá ń dúnàádúrà pé òun á dá a padà, kí wọ́n fi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n má sì sọ fún ọlọ́pàá. Nínú oṣù yẹn kan náà, ó tún kó mílíọ̀nù 3.6 lára ilé-iṣẹ́ Nirvana. Wọ́n ní àwọn á fún un ní 600,000 kó dá ìyókù padà, ó ní mílíọ̀nù 1.4 lòun máa gbà. Wọn ò rí i bá a parí, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé. Wọ́n mú un ní oṣù Keje ọdún 2023, ó gbà pé òun jẹ̀bi ní ìparí ọdún náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni adájọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ọgbọ́n tí òun àti satya0x ní kò yàtọ̀ púpọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan kàn fèrèsé, èkejì wọlé.

Lórílẹ̀-èdè tiwa náà, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ibi tí onílé ti kọ ọ́ síta pé kí ọdẹ wá nìkan ni kí o lọ. Má ṣe lọ máa tú báǹkì kan tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wò nítorí pé o fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Bó o bá dé ibi tí wọ́n ní kí o wá, má ṣe dán ihò wò lórí owó gidi. Ṣe ẹ̀dà àdéhùn náà sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, kí o dán an wò níbẹ̀; bí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹni tó bá ṣe òdìkejì rẹ̀ pàdánù owó ọdẹ. Onílé nìkan ni kí o sọ fún, má sọ fún ọ̀rẹ́, má sì gbé e síta kí wọ́n tó dí i. Paríparí rẹ̀, má halẹ̀. Ẹni tó bá ní "ẹ san án, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ màá tú u síta" ti kúrò nínú ọdẹ, ó ti di ajinigbé.

Ìkìlọ̀ kejì kan àwọn òbí tó rò pé owó òjijì ni. Orúkọ àwọn tó gba mílíọ̀nù là ń gbọ́, a kì í gbọ́ ti àwọn tó ṣọ́dẹ títí tí wọn ò rí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ọdẹ méjì bá rí ihò kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé ló ni owó. Bí o bá kọ̀wé láìfi ẹ̀rí hàn, wọn ò ní dá ọ lóhùn. Àwọn onílé mìíràn sì wà tó máa ń bá ọdẹ jiyàn pé ihò tó rí kò tóbi tó bó ṣe sọ ọ́. Ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ èdè tí wọ́n fi ń kọ àdéhùn náà, Solidity ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, kó gbọ́ Òyìnbó dáadáa, kó sì mọ bí owó yíyá àti pàṣípààrọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí iṣẹ́ fóònù, kó má fi í sílẹ̀ o. Ohun tó máa jẹ lónìí nìyẹn.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gba owó. Ọ̀fẹ́ ni Ethernaut àti Damn Vulnerable DeFi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sára àdéhùn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá a. Ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ Web3Bridge ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kíkọ àdéhùn yìí, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò lè mọ ibi tó ti jò. Nítorí náà, ẹni tó bá wá bá yín pé kí ẹ kó owó wá kí òun fi ọmọ yín sínú ẹgbẹ́ ọdẹ olówó dọ́là, ẹ lé e jáde. Ọmọ Nàìjíríà ò tíì gbàgbé MMM tó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àti CBEX tó dàrú ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọdẹ kì í dá owó. Ojú àti ọpọlọ ló ń dá.

A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó owó ọjà rẹ̀ sínú DeFi o. Òótọ́ ni pé Báǹkì Àpapọ̀, tó ní kí àwọn báǹkì má bá oníṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì dòwò mọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021, ti ká òfin yẹn kúrò ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, òfin tí Ààrẹ sì buwọ́ lù ní 2025 ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò, ìyẹn SEC. Ìyẹn kò sọ pé ilé náà kò jò. Àwọn onímọ̀ ti yẹ àdéhùn Euler Finance wò léraléra, síbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ẹnì kan rí ihò tí wọn ò rí, ó kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 197 dọ́là. Oríire ló jẹ́ pé ó dá èyí tó pọ̀ jù padà. Ilé tó ń jò ni ọdẹ ti ń ríṣẹ́. Ẹ lè jẹ́ kí ọmọ yín ṣọ́dẹ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin gbé àpótí yín lọ síbẹ̀.

Ó ku ohun tó yẹ kí á ṣe. Gbọ̀ngán ìpàdé wa, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, títì ló máa ń wà. A dá a lábàá pé kí á ṣí i nírọ̀lẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n yege nínú ìṣirò àti Òyìnbó nínú WAEC. Kọ̀ǹpútà àlòkù márùn-ún, iná sólà àti owó dátà ni wọ́n nílò láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan bá yọ owó aṣọ ẹbí òde kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́dún, ó lè gbé e. Kí á fún wọn ní ọdún méjì kí á tó béèrè èso. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ rí kòkòrò kan níbẹ̀ á ti mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè fi jẹun níbikíbi. Àwọn ọmọ wa tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Èkó àti lókè òkun náà, ẹ má gbàgbé ibi tí ẹ ti jáde. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí fóònù kò pọ̀ jù láti fi kọ́ àbúrò yín.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀rù ń bà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi ọmọ yín tó bá ní ọdẹ kòkòrò lòun. Níbo ni onílé ti kọ ọ́ pé kí ọdẹ wá? Níbo ni ìwé tí o kọ sí wọn wà? Kí ni èsì tí wọ́n fún ọ? Ọdẹ tòótọ́ á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn yín, ì báà jẹ́ pé èsì náà ni pé wọn ò ní san nǹkan kan. Èyí tó bá ń ká gìrìgìrì, tó ní ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ tètè fà á létí kí ọlọ́pàá tó bá yín fà á.

Àwọn aṣòfin wa l'Ábújá náà, a rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí i yín. Òfin tó ń mú olè dára, kí ó sọ ọ́ kedere pẹ̀lú pé ẹni tó rí ihò tó sì fi inú rere kàn fèrèsé onílé kì í ṣe olè. Àwọn báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ìjọba wa náà ì bá ṣe bí àwọn ará ibòmíràn, kí wọ́n kọ ọ́ síta pé ẹni tó bá rí ihò lára àwọn kó wá sọ, àwọn á sì fún un ní nǹkan. Ọgbọ́n tó ń lọ sínú Yahoo-Yahoo nílẹ̀ yìí pọ̀, ìdí kan tó fi ń lọ síbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ra á ní ọ̀nà tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngán yẹn máa wà lórí tábìlì ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Kí olórí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú iye tí wọ́n lè dá àti orúkọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ oúnjẹ òógùn ojú wọn.